Ìwé tí ó ń mú ọmọdé lọ bá àwọn baba ńlá rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú àwọn ẹlòmíràn nínú yín, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé àwọn ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ó ti gba ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti lọ bẹ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí a rán an lọ láti fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra.

Ẹ̀kọ́ Ìtàn ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó kọ ọ́ sí ojú pátákó gàdàgbà pé: Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893. Ó to orúkọ àwọn balógun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ọmọ máa kà á tẹ̀lé òun. Wọ́n ń kà á bí ẹni ń kọ orin. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ mi ti ń tòògbé. Nígbà tí ó béèrè bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, ọmọkùnrin kékeré kan nawọ́, ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, níbo ni àwọn ọmọdé wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jagun yẹn?" Olùkọ́ náà dákẹ́. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó wò mí, bí ẹni pé kí n gba òun lọ́wọ́ ọmọ náà. Èmi náà sì rí i pé, pẹ̀lú gbogbo ewú tí ó wà ní orí mi, n kò ní ìdáhùn kan tí ó pé gbólóhùn mẹ́ta.

N kò lè bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìwé mọ̀ pé láti ọdún ilé ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni a ti yọ Ìtàn kúrò nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ayẹyẹ láti dá a padà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún 2009 ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Òun náà ni ó jókòó níwájú wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lónìí, tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni a ní kí ó lọ máa kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ó ṣe ohun tí ó lè ṣe: ó ṣí ìwé, ó há ọdún àti orúkọ sórí, ó sì pín in fún àwọn ọmọ ní gbígbẹ gẹ́gẹ́ bí òun náà ti rí i gbà.

Bí mo ti ń padà bọ̀ ní ọjọ́ náà ni mo rántí irú ìwé kan tí àwọn òyìnbó ti ń kọ fún àwọn ọmọ wọn láti ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún: ìwé nínú èyí tí ọmọdé òde òní yóò gba ọ̀nà àràmàǹdà kan, tí yóò bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn ayé àtijọ́, tí yóò bá wọn jẹ, tí yóò bá wọn mu, tí yóò bá wọn sáré nígbà tí ọ̀tá bá dé, tí yóò sì tún padà sí ilé ìyá rẹ̀ kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ìbéèrè ọmọ kékeré yẹn gan-an ni ìwé wọ̀nyí ń dáhùn. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè pé ọba wo ni ó wà lórí oyè. Níbo ni àwọn ọmọdé wà ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edith Nesbit ni ó la ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1906 ó tẹ ìwé kan jáde tí a ń pè ní The Story of the Amulet. Ọmọ mẹ́rin, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, rí ìdajì oǹdè kan rà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ń wá ìdajì kejì kiri inú ayé àtijọ́: wọ́n dé Íjíbítì, wọ́n dé Bábílónì, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Julius Caesar. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni ìgbà tí Ayaba Bábílónì tẹ̀lé wọn wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń kọjá ní ìgboro, ó wo ìṣẹ́ tí ó wà lára wọn, ó sì yà á lẹ́nu pé a lè tọ́jú ẹrú burúkú tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ sọ fún un pé wọn kì í ṣe ẹrú, ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Wọ́n tún mú un dé British Museum. Ó rí ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ nínú àpótí onígíláàsì, inú bí i, ó ní kí wọ́n kó ohun òun fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níhìn-ín. Nínú British Museum kan náà ni ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ Ifẹ̀ wà títí di òní, èyí tí a wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938 nígbà tí àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́ ilé ṣàdédé kàn wọ́n. Bí ọmọ Ilé-Ifẹ̀ kan bá kọ ìwé nínú èyí tí ẹni tí a fi idẹ ya ojú rẹ̀ yẹn dìde, tí ó wọ inú gbọ̀ngàn náà, tí ó sì dúró níwájú ojú ara rẹ̀, kí ni ẹ rò pé yóò sọ? Ẹrù ayaba Nesbit jáde tọ̀ ọ́ wá nínú ìtàn tirẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ti ka èyí láti ọdún 1906, ó sì ti rẹ́rìn-ín sí i. Ó yẹ kí ọmọ tiwa náà rí èyí tí yóò kà, kí a sì wò bóyá ẹ̀rín ni yóò rín.

Ní ọdún 1906 yìí kan náà ni Rudyard Kipling tẹ Puck of Pook's Hill jáde. Nínú tirẹ̀, àwọn ọmọ kò lọ síbìkan. Àwọn ará àtijọ́ ni ó ń wá bá wọn nínú pápá, ọmọ ogun Róòmù àti jagunjagun Normandy, tí olúkúlùkù ń ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. N kò fẹ́ràn púpọ̀ nínú ohun tí ọkùnrin yìí kọ nípa ìjọba àwọn òyìnbó lórí ẹ̀yà mìíràn, ẹ̀yin náà kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò, n kò wo ojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ ilẹ̀ wa kà ni A Traveller in Time, ti Alison Uttley, tí ó jáde ní ọdún 1939. Ọmọbìnrin kan, Penelope, lọ gbé ní oko àwọn ẹbí rẹ̀ ní Derbyshire. Ilé náà ti gbó. Bí ó bá ṣí ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, a bá ara rẹ̀ nínú ilé kan náà ní ìgbà ayé Ayaba Elizabeth Kìíní, nígbà tí ìdílé Babington tí ó ni ilé náà ń gbìmọ̀ láti yọ Mary, Ayaba Scotland, kúrò nínú àtìmọ́lé. Penelope ti kàwé; ó mọ̀ pé a ó pa Anthony Babington ní 1586, àti pé a ó bẹ́ Mary lórí ní 1587. Àwọn tí ó ń bá jẹun kò mọ̀. Ó fẹ́ràn wọn, ó ń wo ojú wọn bí wọ́n ti ń fi ìrètí walẹ̀ ihò tí wọn yóò gbà yọ ayaba náà, kò sì lè gbà wọ́n. Ẹ̀yin ará, mo ti kọ́ni ní Ìtàn ní ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì jẹ́wọ́ pé n kò tíì fi ohun tí obìnrin yìí fi hàn nínú ìwé kan ṣoṣo yẹn han akẹ́kọ̀ọ́ mi rí: pé àwọn baba wa kò mọ bí yóò ti parí. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ a máa sọ ọ́ bí ẹni pé kò lè gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀yọ́ Ilé ní láti tú, Ìjàyè ní láti fọ́, òyìnbó ní láti dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jí ní Ìjàyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1861 kò mọ̀ pé ìlú òun yóò fọ́ ní 1862; ó ń gbèrò ọ̀la, ó ń fẹ́ ìyàwó, ó ń gbin iṣu.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1992 ni Mary Pope Osborne ti ń kọ ọ̀wọ́ ìwé Magic Tree House. Jack àti Annie, ọmọ ìyá kan náà, rí ilé kan lórí igi ní Pennsylvania, ìwé sì kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́ka sí àwòrán kan nínú ìwé, tí wọ́n sì sọ pé ó wu àwọn láti dé ibẹ̀, wọ́n dé ibẹ̀. Ìwé náà kéré, ó rọrùn, kò jinlẹ̀ bí ti Uttley. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ka ọ̀kan tán ní ọ̀sán kan, kí ó sì béèrè òmíràn, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré. Mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ kan ní ìjọ mi ṣàlàyé fún mi láìkólòlò bí wọ́n ti ń di òkú àwọn ọba Íjíbítì ní aṣọ. Mo bi í pé níbo ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, ó ní lọ́nà Ìbàdàn.

Ẹ̀dùn ọkàn yìí kì í ṣe tuntun. Àlùfáà Samuel Johnson, nígbà tí ó ń parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, sọ ohun tí ó mú un kọ ọ́: àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn kò sì mọ ti ara wọn. Ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sọnù ní ìlú òyìnbó. Òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìwé náà wà. Ó wà ní ilé púpọ̀ nínú yín, lórí pẹpẹ, pẹ̀lú eruku lórí rẹ̀. Àgbàlagbà pàápàá ń sá fún sísanra rẹ̀. Kí ni ọmọdé yóò ti ṣe é?

Mo sọ èrò yìí ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹnìkejì mi kan tí ó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ sì dá mi lóhùn pé, "Irọ́ ni, Àlùfáà. Ẹnikẹ́ni kò lè lọ sí àná. Kí ni ẹ fẹ́ fi irọ́ kọ́ ọmọ ní òtítọ́ sí?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é gbé sọ nù. Mo kọ́kọ́ rán an létí ọkùnrin tí ó ń ti Jerúsálẹ́mù sọ̀kalẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà: láti ìgbà tí Olúwa wa ti pa òwe yẹn, a kò gbọ́ pé ẹnìkan béèrè orúkọ ọkùnrin náà. Lẹ́yìn èyí mo bi í léèrè pé ta ni ó sọ fún un pé àjèjì ni ohun yìí jẹ́ sí wa. Nígbà tí akéwì bá dúró níwájú yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, ẹ̀yin ìjòyè, tí ó ń kì yín, ṣé ẹ̀yin nìkan ni ó ń kì? Ó ń pe baba yín àti baba baba yín mọ́ yín lára. Ohun tí baba ńlá yín ṣe ní ojú ogun ní igba ọdún sẹ́yìn, ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹ ṣe é lánàá, orí yín sì ń wú, ẹ sì ń ki ọwọ́ bọ àpò. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́gúngún, iṣẹ́ mi kò sì gbà mí láyè. Ṣùgbọ́n a kò lè bímọ ní ilẹ̀ yìí kí a má mọ̀ pé ará ọ̀run kan a máa wá wo ará ilé rẹ̀ ní ọdọọdún. Kipling mú ará àtijọ́ wá sínú pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní tiwa, pápá náà ti wà kí a tó bí Kipling.

Ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti jàre ni èyí: àlọ́ kì í ní ọdún, ìtàn a máa ní. Nínú àlọ́, ìjàpá lè lọ sí ọ̀run lónìí kí ó sì padà lọ́la, a kò ní bi í ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí o bá mú ọmọ lọ sí Kírìjì, ọkọ̀ tí o fi gbé e lọ nìkan ni ó lè jẹ́ àròsọ. Ibi tí ó sọ̀ sí gbọ́dọ̀ jẹ́ Kírìjì. Kò gbọdọ̀ rí paánù lórí ilé. Kò gbọdọ̀ rí aago lára ògiri. Owó ẹyọ ni wọn yóò fi rà á ní ẹ̀kọ, ẹni tí ó ń kọ ìwé sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan, pé okùn márùn-ún ni igba, pé igba mẹ́wàá ni ẹgbàá, àti pé ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000, odindi ẹrù orí àgbàlagbà. Ọmọ tí ó bá ru ọ̀kẹ́ kan nínú ìtàn, kódà fún ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kò tún ní í béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ ìṣirò pé kí ni ìdí tí a fi ń ka oǹkà Yorùbá bí a ti ń kà á. Mo ti gbìyànjú láti fi pátákó àti ẹfun kọ́ ọ. Ẹrù orí ni ì bá yá jù.

Ní báyìí mo fẹ́ sọ irú ìwé tí mo ní lọ́kàn. Ọmọdékùnrin kan tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ wà ní Òsogùn ní ọdún 1821. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ láìfura, ariwo ta pé ogun dé. Baba rẹ̀ sáré wálé láti kì wọ́n nílọ̀, ó sì padà lọ jà. A fi okùn so ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀; a fi òun pààrọ̀ ẹṣin; a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó; ní àkókò kan ó rò ó pé kí òun fi ọ̀já ìdí òun fún ara òun lọ́rùn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí tí ó wà nínú rẹ̀, a sì gbé e sọ̀ ní Freetown. Ẹ ti mọ̀ ọ́n: Àjàyí ni, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ní 1864. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ gbogbo èyí sínú lẹ́tà ní ọdún 1837. Ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí ni ó kù tí òǹkọ̀wé yóò ṣe ju kí ó mú ọmọ òde òní kan lọ jókòó ti ààrò ìyá Àjàyí ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí oúnjẹ kò tíì jinná?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ mi fẹ́ korò díẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ gbọ́ mi já. Kò sí òyìnbó kankan ní Òsogùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Àjàyí kọ ọ́ pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn ni ó kó ìlú náà. Potogí ń dúró ní etíkun pẹ̀lú ọkọ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mú Àjàyí dé etíkun ń sọ èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ààrò yẹn yóò gbọ́ ohùn wọn, èdè wọn yóò sì yé e. Bí a bá kọ ìwé náà kí ọmọ má baà gbọ́ ọ, a ti fi Àjàyí ní irọ́ pa. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò sọ pé irú èyí ti wúwo jù fún ọmọdé. Jane Yolen, obìnrin Júù ní Amẹ́ríkà, kọ The Devil's Arithmetic ní 1988: ọmọbìnrin kan tí ìrántí àwọn àgbà ti sú ṣí ilẹ̀kùn ní alẹ́ Àjọ Ìrékọjá, ó sì bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Póláǹdì ní ọdún 1942, níbi tí a ti kó òun àti gbogbo abúlé lọ sí àgọ́ ikú àwọn Násì. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń kà á. Bí àwọn Júù bá lè fi ìyẹn lé ọmọ wọn lọ́wọ́, tí ọmọ náà kò sì bàjẹ́, kí ni àwa ń bò?

Àti ọ̀rọ̀ Kírìjì. Nínú kíláàsì tí mo bẹ̀ wò yẹn, ọmọ Ìbàdàn wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, ọmọ Èkìtì wà níbẹ̀, wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Olúkúlùkù ni ó ti gbọ́ tirẹ̀ nílé. Ẹnìkan gbọ́ pé Ìbàdàn ni ó gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, àwọn aláìmoore sì dìde sí i. Èkejì gbọ́ bí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ti fi ojú àwọn baba rẹ̀ gbolẹ̀, títí Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí fi fa idà yọ, tí Ògèdèǹgbé sì kó ogun jọ. Méjèèjì kò parọ́. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà níwájú pátákó kò lè ṣe pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ni pé kí ó mú ọmọ Ìbàdàn kan lọ sùn ní àgọ́ Èkìtì Parapọ̀ fún alẹ́ kan, kí ó jẹ iṣu wọn, kí ó gbọ́ ohun tí ìyá arúgbó kan níbẹ̀ ń sọ nípa Ìbàdàn, kí ó sì bo ẹnu rẹ̀ mọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà sì wà ní àgọ́ Ìbàdàn ní ọdún 1885 nígbà tí Ààrẹ Látòósà kú, kí ó rí i pé àwọn ènìyàn a máa sunkún níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé bẹ́ẹ̀ lè ṣe é. N kò mọ ohun mìíràn nínú iṣẹ́ olùkọ́ tí ó lè ṣe é.

Mo mọ ohun tí yóò fà. Ìdílé kan yóò ní a kò dárúkọ baba àwọn. Òmíràn yóò ní a dárúkọ rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹnìkan yóò mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ lọ́yà nítorí pé òǹkọ̀wé mú ọmọ náà gba orí ilẹ̀ kan kọjá tí ẹjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́lá, ìwé ọmọdé kì í ṣe ẹ̀rí ilé ẹjọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kọ̀wé bẹ̀rù yín. Mo mọ ọ̀kan tí ó kọ ojú ewé ogójì, tí ó sì dì í pa mọ́ nígbà tí ìjòyè kan ní ìlú rẹ̀ bi í léèrè ẹni tí ó fún un láṣẹ.

Àwọn òǹkọ̀wé náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti gbọ́. Kí ọmọ òde òní tí ẹ bá rán lọ má ṣe di ọlọ́gbọ́n láàárín òmùgọ̀, kí ó má ṣe máa kọ́ àwọn baba rẹ̀ ní ohun tí ó kà ní ilé ẹ̀kọ́. Òun ni kò mọ ewé, òun ni kò lè fi ojú ọ̀run mọ ìgbà, òun ni yóò kókìkí ejò tí kò ní oró. Kí ó má ṣe yí ohunkóhun tí ó ti ṣẹlẹ̀ padà. Ọmọ tí ó bá fi ọgbọ́n orí dá Ọ̀yọ́ Ilé dúró, àlọ́ ni ó ń pa. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó pé, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, nítorí ọmọ tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìwé kíkà kò ní agbára àtimáa méfò.

Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bá gbà fún mi, mo dábàá pé kí a ya ojú ewé méjì sọ́tọ̀ nínú ìwé yìí ní oṣooṣù fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀, láti ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni, kí olùkọ́ wọn àti àgbà kan láti ìlú tí ìtàn náà kàn sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Kí ìjòyè tí ó bá rí àṣìṣe kọ̀wé sí Olóòtú, kí a tẹ ìwé tirẹ̀ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ìbéèrè ọmọkùnrin yẹn, mo padà sí ìwé Johnson, ẹni tí ó rin ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ àlàáfíà kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Àgọ́ náà pẹ́ títí tí ó fi dà bí ìlú. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n dáko yí i ká, wọ́n ná ọjà. Bí wọ́n tilẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé ní 1886, àgọ́ kò tú títí di 1893. Ọmọ tí a bí níbẹ̀ ní ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó ọmọ ọdún 16 kí ó tó mọ ìlú tí a ń pè ní ìlú baba rẹ̀. Mo tún lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan ní ìjọ wa tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ní ìyá ìyá òun wà ní ọmọdé nígbà náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lé ẹyẹ ní oko nítorí kò sí ọkùnrin nílé. Bí ìbọn bá dún ní òkè, wọn a ka iye rẹ̀ lórí ìka, ẹni tí ó bá ṣì í kà ni yóò ru igi wálé. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó ní àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ti mú eré náà dé pápá ìṣeré, wọ́n sì ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ ìbọn.